Mọ́tò tó ń ronú kó tó gbéra

Ohun tí mo bá àwọn èèyàn wa sọ nìyí, nípa mọ́tò tí wọ́n yí nǹkan ara ẹ̀ padà tó wá ń lọ́ra nígbà tí èèyàn bá tẹ pẹ́dà, ní ọgbà mẹkáníìkì wa ní Mushin lọ́jọ́ Sátidé, mo tẹ̀ ẹ́ síbí bó ṣe jáde lẹ́nu mi, torí púpọ̀ nínú àwọn ọ̀gá tó wà ní Ládípọ̀ ló ní àwọn ò lè ti ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ Sátidé, òótọ́ sì ni, ọjọ́ ọjà ni.

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́ tẹ́ ẹ dúró sẹ́yìn lọ́hùn-ún, ẹ máa bọ̀ níwájú jọ̀ọ́, ẹ̀yin gan-an ni mo tìtorí yín wá.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látibi tí kọ́sítọ́mà ti ń bẹ̀rẹ̀. Kọ́sítọ́mà ò ní sọ fún ẹ pé sẹ́ńsọ̀ báyìí ló ń yọ òun lẹ́nu. Ohun tó máa sọ ni pé "Ọ̀gá, mọ́tò yìí ò fà mọ́, mo tẹ̀ ẹ́, ó kọ́kọ́ ronú ná kó tó wá lọ." Tó o bá ti gbọ́ bẹ́ẹ̀, má tíì ṣí bónẹ́ẹ̀tì, má tíì mú sípánà. Bi í pé ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀, kí ni wọ́n ṣe sí mọ́tò yẹn lọ́sẹ̀ tó ṣáájú. Ṣé àárọ̀ tó tutù ló ń ṣe é ni àbí tó bá ti jókòó sínú súnkẹrẹ fàkẹrẹ fún wákàtí kan? Ṣé tó bá tan AC? Ṣé ìgbà tó bá fẹ́ gbéra nìkan ló ń lọ́ra, tó bá ti gbéra tán á wá máa sáré dáadáa, àbí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ni kò lágbára? Àìsàn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyẹn o. Èyí tó ń pẹ́ kó tó dáhùn, tó bá dáhùn tán tó ń lọ, ó sábà máa ń jẹ́ pé brain box, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnì, ò gbọ́ òótọ́ nípa afẹ́fẹ́ tó ń wọlé. Èyí tó jẹ́ pé kódà bó o tẹ̀ ẹ́ kanlẹ̀ kò ní agbára, èémí ẹ̀ ni kò já gaara, tàbí epo ò dé bó ṣe yẹ, tàbí jíà ló ń yọ̀. Ẹni tó bá pa méjèèjì pọ̀ á ra páàtì ra páàtì títí owó kọ́sítọ́mà á fi tán.

Ẹ jẹ́ n fi ọ̀nà tí àṣẹ ń gbà hàn yín ná. Láyé ọjọ́un, wáyà irin ló so ẹsẹ̀ mọ́ throttle, tó o bá tẹ pẹ́dà, wáyà á fa ilẹ̀kùn kékeré tó wà lẹ́nu ẹ́ńjìnì, á ṣí, afẹ́fẹ́ á wọlé, ó parí. Honda Accord tá à ń pè ní End of Discussion, èyí tó jẹ́ 2003 sí 2005 tó sì jẹ́ 4-plug, wáyà yẹn náà ló ṣì ń lò. Ṣùgbọ́n mú Toyota Camry tá à ń pè ní Muscle, láti 2007 lọ sókè, kò sí wáyà irin kankan níbẹ̀ mọ́. Pẹ́dà tó ò ń tẹ̀ yẹn, iná ló ń fi ránṣẹ́. Sẹ́ńsọ̀ méjì ló wà nínú ẹ̀, tí ẹsẹ̀ ò bá sí lórí ẹ̀, ọ̀kan á wà nítòsí 0.8 volt, ìyẹn ìwọ̀n agbára iná, ìkejì á wà nítòsí 1.6, méjèèjì á jọ máa gòkè bó o ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Ìdí tí wọ́n fi jẹ́ méjì ni pé kí ọ̀kan lè máa jẹ́rìí èkejì. Tọ́rọ̀ wọn ò bá ti bára mu, brain box ò ní gba ìkankan gbọ́, á kàn jẹ́ kí mọ́tò máa fà tìrọ́ tìrọ́ lọ sílé, iná check engine á sì tàn. P2138 ni koodu tí wọ́n máa ń fún àìbáramu pẹ́dà, P2135 ni ti throttle fúnra ẹ̀. Ìyẹn ò le rárá, mọ́tò ti sọ tẹnu ẹ̀ fún ẹ.

Èyí tó le ni èyí tí kò sí koodu. Torí brain box tó gba ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ ẹ yẹn, kò ní kàn ṣe bó o ṣe wí. Á kọ́kọ́ wo bí afẹ́fẹ́ tó ń wọlé ṣe pọ̀ tó, bó ṣe gbóná tó, bí ẹ́ńjìnì ṣe ń yí, jíà tó wà níbẹ̀, kó tó wá pàṣẹ fún mọ́tò iná kékeré tó ń ṣí throttle. Ìwọ kọ́ lò ń ṣí throttle mọ́ o, àrọwà lò ń pa, òun ló ń pinnu.

Brain box yìí sì rèé, kò lójú. Ohun tí sẹ́ńsọ̀ bá wí fún un nìkan ló mọ̀. Àwọn tó ṣe mọ́tò ti kọ ọ́ sí i lórí pé páìpù afẹ́fẹ́ ẹ̀ fẹ̀ báyìí, páìpù èéfín ẹ̀ fẹ̀ báyìí, táyà ẹ̀ ga báyìí. Nígbà tí ìwọ wá yọ páìpù yẹn tó o fi èyí tó fẹ̀ jù ú lọ rọ́pò ẹ̀, o ò sọ fún un. Páìpù àná ló ṣì fi ń ṣírò. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ ọ́ ní gbogbo ìgbà pé mọ́tò tí wọ́n bá ti yí nǹkan ara ẹ̀ padà, ẹ má kọ́kọ́ wá páàtì tó kú, ẹ wá ẹni tó ń parọ́ fún brain box. Ó dun èmi gan-an bí mo ṣe ń rí àwọn ọmọ tó fi owó oṣù ṣiṣẹ́ sí mọ́tò wọn, tí wọ́n wá ń ra throttle, ra coil, ra fuel pump, ra gbogbo nǹkan tán, tí àìsàn ọ̀hún sì jókòó síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ n sọ ti Camry kan fún yín. Àbúrò kan láti Gbagada ló gbé e wá, Muscle 2007, ẹ́ńjìnì 2.4, dúdú kíní kan báyìí tó ń dán. Ó ti yọ àpótí fílítà ilé iṣẹ́, ó fi fílítà onígòǹgò tí kò ní ìbòrí sí i pẹ̀lú páìpù irin tó ń kọ mànà, ó ti ṣí sáílẹ́ńsà, rim íǹṣì 20 ló wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀, ó tún so throttle controller, ẹ̀rọ kékeré tó ń yí ọ̀rọ̀ pẹ́dà padà, mọ́ pẹ́dà. Ó ní "Bọ̀ọ̀dá, tí mo bá fẹ́ wọ Third Mainland láti Adékúnlé, tí mo tẹ̀ ẹ́ kí n lè bọ́ sáàárín àwọn tó ń bọ̀, mọ́tò á kọ́kọ́ dákẹ́, ẹ̀yìn ìgbà yẹn ló tó máa fò. Lọ́jọ́ sí, tírélà kan ń bọ̀ lẹ́yìn mi." Ó sọ ọ́, ohùn ẹ̀ yí padà. Èmi náà mọ ibẹ̀ yẹn, ibi tí ojú ọ̀nà ti Adékúnlé ti ń dara pọ̀ mọ́ bíríìjì, ẹni tí mọ́tò ẹ̀ bá dákẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá méjì níbẹ̀, ó ń fi ẹ̀mí ara ẹ̀ ṣeré ni. Ó ti gbé e dé ṣọ́ọ̀bù méjì ṣáájú èmi. Wọ́n ti pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì, wọ́n ti pààrọ̀ coil mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n ti ra throttle body Tòkunbọ̀ fún un, ẹnì kan tún ní ọ́ìlì jíà ni.

Mi ò fọwọ́ kan nǹkan kan. Mo so skánà, ẹ̀rọ tó ń ka ohun tí brain box mọ̀, mọ́ ọn. Ihò skánà yẹn, gbogbo mọ́tò Amẹ́ríkà láti 1996 ló ní in, nǹkan kékeré olówó pọ́ọ́kú tó ń bá fóònù sọ̀rọ̀ náà á ka ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, nítorí náà kí ọmọ iṣẹ́ kankan má sọ pé òun ò ní owó skánà ńlá. Kò sí koodu. Àwọn tó kàn ń wo koodu á ní mọ́tò ò ní nǹkan kan. Mo ṣí live data, ìyẹn àwọn nọ́ńbà tí sẹ́ńsọ̀ ń sọ lọ́wọ́lọ́wọ́, mo jẹ́ kí ẹ́ńjìnì gbóná dáadáa, mo pa AC.

Nọ́ńbà àkọ́kọ́ tí mo wò ni ti MAF, sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn afẹ́fẹ́ tó ń wọ ẹ́ńjìnì. Ẹ́ńjìnì tó ti gbóná, tó jókòó jẹ́jẹ́, sábà máa ń gba nǹkan bíi gíráàmù kan afẹ́fẹ́ ní ìṣẹ́jú àáyá kan fún lítà kọ̀ọ̀kan, ó lè dín díẹ̀, ó lè lé díẹ̀. 2.4 lítà, mò ń retí láti 2.4 dé bíi 3. Ohun tí mo rí ni 1.8. Nọ́ńbà kejì ni fuel trim ọlọ́jọ́ pípẹ́, ìyẹn àfikún tàbí àyọkúrò tí brain box ń ṣe sí epo fúnra ẹ̀. Tó bá wà láàárín mínọ́ọ̀sì 10 àti plọ́ọ̀sì 10 ninu 100, mi ò kì í bínú. Ti àbúrò yìí jẹ́ plọ́ọ̀sì 17 níbi tó jókòó sí, mo tẹ̀ ẹ́ dé ìyípo 2,500 ní ìṣẹ́jú kan, mo sì dì í mú níbẹ̀, ó ṣì jẹ́ plọ́ọ̀sì 16.

Ibi tó yẹ kí ẹ tẹ́tí sí mi nìyí, torí ibí gan-an ni iṣẹ́ wà. Ká ní afẹ́fẹ́ ń gba ẹ̀yìn wọlé ni, bóyá páìpù vacuum kan ti ya, nọ́ńbà yẹn á ga nígbà tí ẹ́ńjìnì bá jókòó jẹ́jẹ́, torí ihò kékeré yẹn jẹ́ nǹkan ńlá lójú afẹ́fẹ́ kékeré, tó o bá wá tẹ̀ ẹ́ dé 2,500 á wálẹ̀ súnmọ́ òdo. Ká ní epo ni kò tó, fuel pump ti ń kú tàbí fílítà epo ti dí, á fẹ́ jọ pé ó dára níbi tó jókòó sí, bó o bá ṣe ń béèrè iṣẹ́ púpọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀ ni á máa ga sí i. Ṣùgbọ́n tó bá ga bákan náà níbi gbogbo, MAF ni kó o fura sí, torí òun ló ń ka gbogbo rẹ̀ kéré.

Kí ló dé tó fi ń kà á kéré? Wáyà tín-ín-rín kan ló wà nínú MAF, iná ń mú un gbóná, afẹ́fẹ́ tó ń kọjá ń mú un tutù, iná tó gbà kó má baà tutù ni brain box fi ń mọ ìwọ̀n afẹ́fẹ́. Páìpù irin tí àbúrò rà yẹn fẹ̀ ju ti ilé iṣẹ́ lọ. Nínú páìpù tó fẹ̀, afẹ́fẹ́ kan náà á máa rọra lọ, bí omi odò tó dé ibi tó fẹ̀, díẹ̀ nínú ẹ̀ ló máa kan wáyà yẹn. MAF á ní afẹ́fẹ́ ò pọ̀, brain box á bu epo kékeré. Gíráàmù 14.7 afẹ́fẹ́ sí gíráàmù kan epo ló yẹ kó máa jẹ, ó wá dà bí ẹni gbé ẹ̀bà ńlá fún èèyàn pẹ̀lú ọbẹ̀ ṣíbí kan. Nígbà tí mọ́tò bá ń lọ jẹ́jẹ́, sẹ́ńsọ̀ oxygen tó wà nínú páìpù èéfín á kíyè sí i, á ní ẹ fi epo kún un, ìdí nìyí tí plọ́ọ̀sì 17 fi wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó o bá tẹ̀ ẹ́ lójijì, kò sí àyè fún sẹ́ńsọ̀ oxygen láti dá sí i, MAF ni brain box máa gbọ́, MAF sì ń parọ́.

A wá lọ sínú buutu ẹ̀, àpótí fílítà ilé iṣẹ́ ṣì wà níbẹ̀, ọpẹ́lọpẹ́ pé kò tà á. Mo fọ MAF, mo dá gbogbo ẹ̀ padà. MAF bọ́ sí 2.6, trim bọ́ sí plọ́ọ̀sì 7 lẹ́yìn tá a ti wà á káàkiri. Inú gbogbo èèyàn dùn. A gbé e jáde, a gba Agége Motor Road, mo dúró, mo tẹ̀ ẹ́. Ó ṣì dákẹ́. Ó ti kéré sí ti tẹ́lẹ̀ o, ṣùgbọ́n ó ṣì dákẹ́.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ẹlòmíì á ti gba owó níbẹ̀ yẹn. A padà sí ọgbà, mo ní kí ọmọ iṣẹ́ mi kan jókòó sínú mọ́tò, kó fẹsẹ̀ tẹ bírékì mọ́lẹ̀ gírígírí, kó fa handbrake, kó kó o sí D, kó wá rọra tẹ pẹ́dà díẹ̀. Ẹ má dúró níwájú mọ́tò tẹ́ ẹ bá ń ṣe èyí o, ẹ̀gbẹ́ ni kẹ́ ẹ dúró sí, kò sì gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan lọ torí jíà á gbóná. Mo tẹ̀ síwájú láti ẹ̀gbẹ́, mo ń wo ẹ́ńjìnì. Bó ṣe tẹ̀ ẹ́ báyìí, ẹ́ńjìnì gbéra nílẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ dìde lórí àga, ó ṣubú sí ẹ̀yìn. Engine seat, rọ́bà tó gbé ẹ́ńjìnì dúró, ti ya. Rọ́bà afẹ́fẹ́ tó ti àpótí fílítà wá sí throttle, èyí tó ní ìṣẹ́po bíi ti dùùrù tí wọ́n ń fà lọ fà bọ̀, mo wo abẹ́ ẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, nínú ìṣẹ́po kẹta, ẹnu kan ló ń là níbẹ̀. Tí ẹ́ńjìnì bá jókòó, ẹnu yẹn pa dé bí ètè, o ò lè rí i, o ò lè gbọ́ ọ. Tí ẹ́ńjìnì bá ti gbéra, ẹnu yẹn á là tó fífẹ̀ èékánná àtàǹpàkò mi, ó sì ń mí "ssss". Afẹ́fẹ́ tí MAF ò kà ń gba ibẹ̀ wọlé, ní ìgbà tí èèyàn nílò epo jù lọ.

Ẹ wá rí i. Wọ́n ti pààrọ̀ coil mẹ́rin. Rọ́bà kan àti engine seat kan ni. Mo rò pé páìpù irin yẹn ló dá kún un pẹ̀lú, torí irin ò lè tẹ̀, gbogbo bí ẹ́ńjìnì tó ya síìtì ṣe ń fò ni páìpù irin náà ń fà á, ìgbà tí wọ́n wá ń yọ rọ́bà ilé iṣẹ́ wọ́n fi agbára fà á, ó ya níbi tó ti ń gbó tẹ́lẹ̀. A ra rọ́bà ní Ládípọ̀, a ra engine seat tuntun, torí engine seat Tòkunbọ̀ mi ò fọwọ́ sí i láéláé, rọ́bà tó ti gbó ní òkè òkun náà ló máa wá gbó sí ẹ lọ́rùn níbí. Trim dé plọ́ọ̀sì 2. Ó gba Adékúnlé lọ sí Island lọ́jọ́ kejì, ó pè mí lórí fóònù látorí bíríìjì, mo ní kó gbé fóònù kalẹ̀ kó máa wa mọ́tò.

Mo máa yára lórí àwọn yòókù díẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ fílítà onígòǹgò yẹn ò tíì tán. Ẹ wo ibi tí wọ́n máa ń gbé e sí, inú bónẹ́ẹ̀tì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnì, láìsí ìbòrí. Afẹ́fẹ́ ìta ní Èkó lọ́sàn-án lè jẹ́ ìwọ̀n 33 Celsius, ṣùgbọ́n inú bónẹ́ẹ̀tì nígbà tí súnkẹrẹ fàkẹrẹ bá mú ẹ ní Ojúẹlẹ́gba, ó lè dé 60 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Afẹ́fẹ́ tó gbóná fúyẹ́, fún ìwọ̀n 10 kọ̀ọ̀kan tó bá fi gbóná sí i, nǹkan bíi 3 nínú 100 ló ń dín kù nínú ẹ̀. Láti 33 dé 63, o ti pàdánù bíi 9 nínú 100 kí o tó tẹ pẹ́dà rárá, brain box á tún jẹ́ kí iná púlọ́ọ̀gì (spark) pẹ́ díẹ̀ kó tó tàn, kí ẹ́ńjìnì má baà máa dún gbá-gbá. Ariwo tó ń ṣe "hùùù" yẹn ló ń tan àwọn èèyàn, etí ń gbọ́ agbára, táyà ò rí i. Tó o bá fẹ́ lo ó dandan, ṣe àpótí sí i, fa ẹnu ẹ̀ síta níbi tí afẹ́fẹ́ tútù ti ń wọlé, sì ra èyí tí páìpù ẹ̀ bá ti ilé iṣẹ́ mu níbi tí MAF jókòó sí. Àwọn fílítà òwú tí wọ́n ń fi ọ́ìlì pa, ọ́ìlì díẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi pa á, tó bá pọ̀ jù á fò lọ lẹ̀ mọ́ wáyà MAF.

Ẹ jẹ́ n sọ ti fífọ MAF náà, torí mo ti rí ohun tó ń bí mi nínú. Èèyàn á ki òwú bọ ẹnu MAF, á máa nù ún bí ẹni ń nu etí. Wáyà yẹn tín bí irun orí! Spray tí wọ́n ṣe fún MAF ni kẹ́ ẹ lò, kì í ṣe epo, kì í ṣe carb cleaner, ẹ fọ́n ọn, ẹ jẹ́ kó gbẹ fúnra ẹ̀, ẹ dá a padà. Throttle oníná náà, tẹ́ ẹ bá ń fọ ìdọ̀tí dúdú inú ẹ̀, ẹ pa mọ́tò, ẹ yọ kọ́kọ́rọ́, ẹ yọ ọ kúrò lára ẹ́ńjìnì tí àyè bá wà, ẹ má fi ìka ti ilẹ̀kùn yẹn ní tipátipá torí jíà ọ̀rá ló wà nínú ẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ jẹ́ kó jókòó jẹ́jẹ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kó lè tún ẹ̀kọ́ kọ́, kó tó di pé ẹ bẹ̀rẹ̀ sí sọ pé ẹ ti bà á jẹ́.

Ọ̀rọ̀ sáílẹ́ńsà. Àwọn tó ń ra catalyst àtijọ́, ìyẹn ohun tó ń fọ èéfín mọ́ nínú páìpù, pọ̀ ní ìlú yìí torí platinum àti palladium tó wà nínú ẹ̀, gbogbo wa la mọ̀. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìgbà tí wọ́n bá fi irin gún inú ẹ̀ tí wọn ò sì gbọn ọ́n jáde tán. Ègé á lọ máa yí nínú páìpù títí á fi dí ẹnu sáílẹ́ńsà ẹ̀yìn. Mọ́tò yẹn á tan, á jókòó dáadáa, tó o bá tẹ̀ ẹ́ á dà bí ẹni tí wọ́n fi ọwọ́ dí imú ẹ̀. Camry 2.4 ti 2007 sí 2009 tún máa ń jẹ ọ́ìlì, ọ́ìlì tó bá jó á lọ dí catalyst tó ṣì wà pẹ̀lú. Bí mo ṣe ń mọ̀ ọ́n: mo máa yọ sẹ́ńsọ̀ oxygen iwájú, mo máa fi géèjì sí ihò ẹ̀, mo máa tẹ ẹ́ńjìnì dé 2,500. Tí agbára tí èéfín fi ń tì bá kọjá bíi 3 psi, ọ̀nà èéfín ti dí. Ẹni tí kò ní géèjì lè tú bóòtù páìpù iwájú díẹ̀ kó fi mọ́tò rìn yíká ọgbà, á pariwo, ṣùgbọ́n tó bá fò bí ẹṣin, o ti rí ìdáhùn. Ẹ ṣọ́ra fún wáyà tó wà nítòsí torí èéfín yẹn ń jó nǹkan. Bákan náà, tí páìpù tí wọ́n jó mọ́ra bá ń jò níwájú sẹ́ńsọ̀ oxygen, afẹ́fẹ́ ìta á máa wọlé síbẹ̀, sẹ́ńsọ̀ á ní epo ò tó, wọ́n á máa da epo sí i lásán. Ìyẹn náà, irọ́ ni.

Throttle controller. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ń tà á, mi ò bá yín jà, ṣùgbọ́n ẹ sọ òótọ́ fún kọ́sítọ́mà. Nǹkan yẹn ò fi agbára kún ẹ́ńjìnì rárá. Ẹsẹ̀ tó o tẹ̀ díẹ̀ ló ń sọ fún brain box pé o tẹ̀ púpọ̀. Tí mọ́tò bá lera, á jọ bí ẹni pé ó yára. Tí mọ́tò bá ń ṣàìsàn, ńṣe ló ń bo àìsàn mọ́lẹ̀ títí á fi burú, a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ohun àkọ́kọ́ tí mo máa ń yọ nìyẹn kí n tó ka nọ́ńbà pẹ́dà kankan, torí mi ò lè gbọ́ ohùn pẹ́dà nígbà tí ẹlòmíì ń bá a sọ̀rọ̀.

Rim. Táyà ilé iṣẹ́ Camry yẹn jẹ́ 215/60 R16. Èyí tó wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀ jẹ́ 245/40 R20. Ẹ ṣírò ẹ̀, ó ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ní bíi sẹ̀ǹtímítà 4, ìyẹn bíi 6 nínú 100. Ó dà bíi pé o yí jíà ẹ padà láìṣí àpótí jíà, gbogbo ìgbà tó o bá fẹ́ gbéra, jíà ẹ ga ju bó ṣe yẹ lọ, irin yẹn tún wúwo, ẹ́ńjìnì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yí i kó tó gbé ọ. Tí speedometer bá ń sọ 100, 106 lò ń sá. Mo sọ fún àbúrò, ó rẹ́rìn-ín, kò yọ ọ́. Ohun tó ń wù ú ni, mi ò lè fipá mú un, ṣùgbọ́n mo ti jẹ́ kó mọ̀ pé ìyókù ìlọ́ra tó kù, ẹsẹ̀ ni.

Ọmọ iṣẹ́ kan béèrè nípa turbo, ẹ̀rọ tó ń fi agbára ti afẹ́fẹ́ wọ ẹ́ńjìnì, pé Golf GTI ọ̀gá òun ń gba afẹ́fẹ́ ṣùgbọ́n ó ń pẹ́. Mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ wo koodu P0299, ìyẹn pé turbo ò fún afẹ́fẹ́ tó, kí wọ́n wá fi omi ọṣẹ pa gbogbo ojú ìsopọ̀ páìpù intercooler tó ń mú afẹ́fẹ́ turbo tutù, kí wọ́n fi afẹ́fẹ́ díẹ̀ sínú ẹ̀ pẹ̀lú kọ̀mpírẹ́sọ̀, ibi tó bá ń hó ni ibi tó ń jò. Àwọn GTI ọlọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó ní 2.0 turbo, rọ́bà inú diverter valve wọn, èyí tó ń dá afẹ́fẹ́ turbo padà nígbà téèyàn bá gbé ẹsẹ̀ kúrò, máa ń ya, ẹ yọ ọ́ wò. Tí wọ́n bá sì ti fi blow-off tó ń tú afẹ́fẹ́ síta sí i torí ariwo, afẹ́fẹ́ tí MAF ti kà tẹ́lẹ̀ ló ń tú dànù, epo tí wọ́n bù fún un ṣì ń bọ̀, ìdí nìyẹn tó fi ń wúkọ́ nígbà tó bá pààrọ̀ jíà.

Ẹni tó béèrè kẹ́yìn ni ẹ̀gbọ́n kan tó ni End of Discussion, ó ní tòun ò ní brain box pẹ́dà, wáyà ni, kò sì sí koodu, trim ẹ̀ dára, epo dára, ṣùgbọ́n kò sáré mọ́ láti bíi oṣù méjì, mẹkáníìkì ẹ̀ ti ń sọ pé kó pààrọ̀ ẹ́ńjìnì. Mo ní "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká lọ wò ó." Gbogbo wa dìde lọ síbi tó páàkì sí. Mo ní kí ọmọ iṣẹ́ kan yọ rọ́bà afẹ́fẹ́ kúrò lẹ́nu throttle, mọ́tò wà ní pípa o, kí ẹ̀gbọ́n wọlé kó tẹ pẹ́dà kanlẹ̀ bí ẹni ń sáré. Ó tẹ̀ ẹ́. Ilẹ̀kùn throttle ṣí dé bí ìdajì lé díẹ̀, ó dúró. Mo ní "Ẹ tẹ̀ ẹ́ dáadáa." Ó ní òun ti tẹ̀ ẹ́ kanlẹ̀. Mo yọjú wo ibi ẹsẹ̀ ẹ̀. Mat aláwọ tó nípọn ló wà níbẹ̀, àwọn tí wọ́n ń ràn lọ́nà ìgbàlódé yẹn, abẹ́ ẹ̀ mat ilé iṣẹ́ ṣì wà, abẹ́ ìyẹn tún ni kápẹ́ẹ̀tì. Ìgbà wo lẹ ra mat yìí? Ó ronú díẹ̀. "Oṣù méjì."

Mo sọ fún gbogbo wọn níbẹ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìlọ́ra nìkan, ní 2009 Toyota pe mọ́tò bíi mílíọ̀nù 3.8 padà ní Amẹ́ríkà torí mat tó lè há pẹ́dà mọ́lẹ̀ tí mọ́tò á sì máa sá lọ, Camry 2007 sí 2010 wà lára wọn. A fa mat méjèèjì jáde. Ẹ̀gbọ́n tún tẹ pẹ́dà. Ilẹ̀kùn throttle ṣí títí, ó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, a rí òkùnkùn inú ẹ́ńjìnì. Ó dá mat ilé iṣẹ́ nìkan padà, ó fi ìkọ́ ẹ̀ há a mọ́lẹ̀ fúnra ẹ̀, ó ká èyí tó nípọn, ó gbé e sínú buutu.